Páànù Ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀ Ilé Màmá: Àkọsílẹ̀ Iṣẹ́ Kan àti Ìdánrawò Kálíkúlọ́ọ̀sì ní Iléṣà

Gbogbo ẹ̀rùn tó kọjá ni mo fi ń wo páànù ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀ ẹ̀yìnkùlé ilé Màmá, tí mo sì ń sọ pé màá tún un ṣe. Ìpẹtà ti jẹ ìdí rẹ̀ tán. Bí òjò bá rọ̀, omi tó yẹ kó gba páìpù wọ inú dúrọ́ọ̀mù á máa dà sẹ́bàá ògiri, á sì máa wú ilẹ̀ lẹ́sẹ̀ ìpìlẹ̀. Nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ rọ̀ níparí oṣù kẹta, Màmá to abọ́ mẹ́fà sábẹ́ rẹ̀, wọ́n ní àwọn kò ní fi omi Ọlọ́run ṣòfò. Ojú tì mí.

Nínú ilé kan náà, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ń múra ìdánwò JAMB. Iṣẹ́ ẹnjiníà ló fẹ́ kọ́ ní Ifẹ̀. Kálíkúlọ́ọ̀sì, ìṣirò tó ń wo bí nǹkan ṣe ń yí padà, ní abala tirẹ̀ nínú ìṣirò JAMB, ọmọ yìí kò sì bẹ̀rù rẹ̀. Ẹ ní kó wá dy/dx, ìyẹn bí iye kan ṣe ń yára yí padà bí x bá ń yí padà, ti 4x³ − 120x² + 900x, kò ní mí kó tó dá yín lóhùn. Ṣùgbọ́n ẹ sọ fún un pé, “A fẹ́ ká páànù kan, kó lè gba omi jù lọ,” á gbé bírò sílẹ̀. Ó ti di ọdún 11 tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò nírọ̀lẹ́, ibẹ̀ gan-an ni mo ti ń rí i tí ọ̀pọ̀ wọn ń dúró.

Mo bá so iṣẹ́ méjèèjì pọ̀. Gbogbo ìwọ̀n tí a máa lò láti ṣe páànù náà, ọmọ yìí ló máa ṣírò rẹ̀, a ó sì fi ọwọ́ wò ó bóyá òótọ́ ni. Mo kọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sílẹ̀ bó ṣe ṣẹlẹ̀.

Àbámẹ́ta àkọ́kọ́: wíwọn

Ẹ̀gbẹ́ òrùlé tó ń da omi sẹ́yìnkùlé gùn ní mítà 6. Láti òkè ilé dé etí òrùlé jẹ́ mítà 4. Orí ilẹ̀ ni a ti wọn mítà 4 yẹn, kì í ṣe orí páànù tó dagẹ̀rẹ́, nítorí pé òjò kì í wo bí òrùlé ṣe gùn tó, ilẹ̀ tó bò ló ń wò. 6 ní ọ̀nà 4 jẹ́ 24 m². Òjò tó bá ga ní mílímítà 1 lórí 1 m² jẹ́ lítà 1 géérégé, nítorí náà gbogbo mílímítà kan tó bá rọ̀ á fún wa ní lítà 24. Òjò mílímítà 8 àti díẹ̀ á kún dúrọ́ọ̀mù onílítà 200. Màmá béèrè iye tí a rí, mo sọ fún wọn, wọ́n ní, “Ẹ tètè ṣe é nígbà náà.”

Páànù pẹlẹbẹ tí mo rà jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 4 sí 8, ìyẹn 122 cm sí 244 cm. Bí a bá là á ní gígùn sí 30 cm, a ó rí ìlà mẹ́rin, 2 cm á sì ṣẹ́ kù. Ìlà mẹ́ta tó fún mítà 6, kódà lẹ́yìn tí a bá fi orí wọn gun ara wọn. Ìlà kẹrin jẹ́ ti ìdánrawò.

Àìkú: gbólóhùn tó ṣìnà

Ìbéèrè àkọ́kọ́ tí mo kọ sínú ìwé rẹ̀ nìyí: páànù kan fẹ̀ ní 30 cm. A fẹ́ ká ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì dúró ṣánṣán, kí wọ́n ga bákan náà. Báwo ni kí ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan ṣe ga tó, kí àyè omi inú rẹ̀ lè pọ̀ jù lọ?

Kò tó ìṣẹ́jú mẹ́ta tó fi sọ pé, “Àǹtí, mo ti rí i.” Ohun tó kọ nìyí, A ni àyè omi, x ni gíga ẹ̀gbẹ́ kan:

A = x(30 − x) = 30x − x²
dA/dx = 30 − 2x
30 − 2x = 0, nítorí náà x = 15

Ó tún wá dy/dx ẹ̀ẹ̀kejì, ó rí −2, ó ní iye tí kò tó òdo ni, nítorí náà ibẹ̀ ló ga jù. Kò sí àṣìṣe kankan nínú iṣẹ́ dy/dx yẹn. Bí mo bá jẹ́ ẹni tó ń wo ìlà kejì àti ìkẹta nìkan, màá fi bírò pupa fún un ní máàkì.

N kò sọ pé ó kùnà. Mo fún un ní ìwé A4 kan, tí gígùn rẹ̀ jẹ́ 29.7 cm, tó sún mọ́ 30 dáadáa, mo ní kó ká 15 cm sókè lápá ọ̀tún, kó ká 15 cm sókè lápá òsì. Ó ká apá ọ̀tún. Ó ká apá òsì. Ìwé náà pa dé bí ìgbà tí èèyàn pa Bíbélì dé. Ó mú un dání báyẹn, kò sọ̀rọ̀, ó fi ìka wọ́ ojú ibi tí ìdí yẹ kó wà. Ó ní, “Omi ò níbi tó máa gbà.”

Lẹ́yìn náà ló wá tú u, tó ya ìlà méjì sí i lára, tó sì rí i fúnra rẹ̀ pé ìgbà méjì ni òun mú x kúrò, ẹ̀ẹ̀kan lápá ọ̀tún, ẹ̀ẹ̀kan lápá òsì:

A = x(30 − 2x) = 30x − 2x²
dA/dx = 30 − 4x
x = 7.5

Ẹ̀gbẹ́ á ga ní 7.5 cm, ìdí á fẹ̀ ní 15 cm, àyè omi á jẹ́ 112.5 cm².

Láti ọjọ́ náà ni mo ti fi òfin kan lélẹ̀ nínú ìwé ìdánrawò yẹn. Kó tó kọ ìlà ìṣirò kankan, á kọ gbólóhùn Yorùbá kan tó sọ ohun tí lẹ́tà kọ̀ọ̀kan jẹ́: “x ni gíga ẹ̀gbẹ́ kan. Ẹ̀gbẹ́ méjì ló wà. Ohun tó ṣẹ́ kù fún ìdí ni 30 tí a ti yọ x kúrò nínú rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì.” Mo fẹ́ kó jẹ́ Yorùbá, nítorí pé èdè tó fi ń ronú nìyẹn. Ọmọ lè ha gbólóhùn Gẹ̀ẹ́sì sórí láìmọ ohun tó ń sọ, ṣùgbọ́n kò sí bó ṣe máa sọ “ó ṣẹ́ kù fún ìdí” tí kò ní wo ìdí.

Ọjọ́ Ajé sí Ọjọ́bọ̀: àpótí páálí

Mo fẹ́ kó fojú rí ohun tí “dy/dx jẹ́ òdo” túmọ̀ sí, nítorí pé lẹ́nu ọ̀pọ̀ ọmọ, ohun tí a máa ń kọ sílẹ̀ kí ìdáhùn tó jáde ni. A gé páálí mẹ́rin, ọ̀kọ̀ọ̀kan 30 cm sí 30 cm. A gé igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ọ̀kọ̀ọ̀kan kúrò, a ká ẹ̀gbẹ́ sókè, a fi sẹlotéèpù dè é, ó di àpótí tí kò ní ìdérí. Ohun tí a gé kúrò ni x: 2 cm fún àkọ́kọ́, 4 fún èkejì, 5 fún ẹ̀kẹta, 6 fún ẹ̀kẹrin.

Omi ni a kọ́kọ́ fẹ́ lò. A tẹ́ ọ̀rá sínú wọn, a ń da omi sí i, ṣùgbọ́n ikùn páálí náà bẹ̀rẹ̀ sí í wú, ìwọ̀n tí a ń rí sì ju òótọ́ lọ. A da omi nù, a lọ fi yanrìn gbígbẹ ṣe é. Yanrìn náà a fi rúlà fá a léjú, lẹ́yìn náà a dà á sínú jọ́ọ̀gì tí a ti fi píọ̀ wọ́tà 50cl fàlà sí lára.

Ìṣirò rẹ̀ nìyí, pẹ̀lú gbólóhùn ṣáájú: “V ni iye tí àpótí gbà. x ni igun tí a gé. Ó di gíga àpótí. Ìdí pàdánù x ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì.”

V = x(30 − 2x)² = 4x³ − 120x² + 900x
dV/dx = 12x² − 240x + 900 = 12(x − 5)(x − 15)

x = 15 á pa páálí náà dé, a ti rí irú rẹ̀ ní Àìkú. Ó ku x = 5. V = 5 × 20 × 20 = 2000 cm³, lítà méjì, píọ̀ wọ́tà mẹ́rin. Ẹ wo bí ìlà ìṣirò tó ti mọ̀ ọ́n ṣe láti ọjọ́ yìí wá, 4x³ − 120x² + 900x, ṣe di àpótí tó wà níwájú rẹ̀.

Yanrìn sọ ohun kan náà. Èyí tí a gé ní 5 ló gba jù. Ṣùgbọ́n ohun tó yà á lẹ́nu ni pé èyí tí a gé ní 4 àti èyí tí a gé ní 6 kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí i. Ó ní bóyá a kò wọn yanrìn dáadáa. Mo ní kó ṣírò rẹ̀. Ní x = 4, 4 × 22 × 22 jẹ́ 1936. Ní x = 6, 6 × 18 × 18 jẹ́ 1944. Nínú lítà méjì, ohun tó sọ nù kò ju 64 cm³ lọ, kò tó ẹnu omi mélòó kan.

Mo wá ní kó wo ìsàlẹ̀. Ní x = 1, V jẹ́ 784. Ní x = 2, ó jẹ́ 1352. Ní x = 3, ó jẹ́ 1728. Sẹ̀ǹtímítà kan náà, ṣùgbọ́n níbí yìí ó ń mú 568 wá láti 1 sí 2, ó sì ń mú 376 wá láti 2 sí 3. Àárín méjèèjì jẹ́ 472. Mo ní kó fi 2 sínú dV/dx. Ó fi sí i: 48 − 480 + 900. Ó rí 468. Ó wo 472, ó wo 468, ó tún tẹ̀ ẹ́ lórí káńkúlétọ̀.

Mo mú un jáde sẹ́yìnkùlé. Iléṣà tí a wà yìí, orí òkè àti ẹsẹ̀ òkè ni gbogbo rẹ̀. Mo ní kó rántí ìgbà tó bá ń gun òkè dé ilé: ní àárín gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, ìṣísẹ̀ kan á gbé e ga, á sì mọ̀ ọ́n lórúnkún. Ṣùgbọ́n bó bá ti dé orí òkè gan-an, tó bá ṣí ẹsẹ̀ kan síwájú tàbí kan sẹ́yìn, kò sí ohun tó yí padà. Orí òkè tẹ́ pẹrẹsẹ. Bí ilẹ̀ ṣe dagẹ̀rẹ́ tó lábẹ́ ẹsẹ̀ ni dV/dx ń sọ. Níbi tó ti tẹ́, kò dagẹ̀rẹ́ rárá, òdo nìyẹn.

Ọ̀rọ̀ yìí ti pẹ́ ju Newton àti Leibniz, àwọn méjì tí a mọ̀ sí olùdásílẹ̀ kálíkúlọ́ọ̀sì, lọ. Kepler, onímọ̀ ìràwọ̀ ará Jámánì, fẹ́ ìyàwó kejì ní 1613, nígbà tó ń gbé ní ìlú Linz ní Austria, ó sì ra wáìnì sílé. Oníwáìnì ti ọ̀pá bọ inú àgbá, ibi tí ọ̀pá náà rin dé ló fi sọ iye tó wà níbẹ̀, kò bìkítà bí àgbá ṣe rí. Ọ̀rọ̀ náà kò kúrò lọ́kàn Kepler. Ní 1615, ó tẹ ìwé kan jáde lórí wíwọn àgbá wáìnì, ó sì kọ ọ́ síbẹ̀ pé nítòsí ibi tí nǹkan ti pọ̀ jù, àyípadà kì í hàn. Wọn kò tíì bí Newton nígbà náà. Ọmọ yìí fi yanrìn Iléṣà rí ohun kan náà.

Àbámẹ́ta kejì: lọ́dọ̀ bàbá tó ń lu páànù

Bàbá kan wà ládùúgbò wa tó ń fi páànù ṣe àdògán, garawa àti ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀. A gbé ìlà páànù wa lọ bá wọn. Ọmọ náà kí wọn, ó kúnlẹ̀, ó na ìwé sí wọn: ẹ̀gbẹ́ 7.5, ìdí 15, ẹ̀gbẹ́ méjèèjì dúró ṣánṣán.

Bàbá wo ìwé náà pẹ́. Wọ́n béèrè pé, “Ọmọ mi, etí rẹ̀ ńkọ́?” A kò mọ ohun tí wọ́n ń sọ. Wọ́n mú ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀ àtijọ́ kan wá, wọ́n fi hàn wá pé etí páànù gbọ́dọ̀ ṣẹ́ po, kó má baà gé èèyàn lọ́wọ́, kó sì má baà tẹ̀ bí omi bá wúwo nínú rẹ̀. Sẹ̀ǹtímítà kan àbọ̀ lápá kọ̀ọ̀kan. Nítorí náà 30 tí a fi ṣírò kì í ṣe 30. 27 ni. Gbólóhùn wa tún ti ṣìnà, èmi ni mo sì kọ ọ́ lọ́tẹ̀ yìí. Èmi tí mo fi òfin lélẹ̀, n kò béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ń ṣe é.

Wọ́n tún ní, “Kí ló dé tí ẹ fi mú ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ dúró ṣánṣán? Ẹ ṣí ẹnu rẹ̀ díẹ̀.” Wọ́n ní bí ọ̀gá wọn ṣe kọ́ wọn nìyẹn. Wọ́n mú igi kan wá tí wọ́n fi ń ká páànù, igi tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ti dán fún ìlò, wọ́n fi lé ọmọ náà lọ́wọ́.

Ibẹ̀ ni a jókòó sí lórí bẹ́ǹṣì wọn, tí ọmọ náà ṣí ojú ewé tuntun. Ó kọ gbólóhùn: “Páànù 27, a pín in sí mẹ́ta, 9, 9, 9. Ìdí jẹ́ 9. Ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan jẹ́ 9, ó sì ṣí síta. θ ni igun tí ẹ̀gbẹ́ fi gbéra láti ilẹ̀.” Gíga omi jẹ́ 9 sin θ. Ìdí jẹ́ 9, ẹnu rẹ̀ jẹ́ 9 + 18 cos θ. Àárín méjèèjì jẹ́ 9 + 9 cos θ. Nítorí náà:

A = 81 sin θ (1 + cos θ)
dA/dθ = 81(cos θ + cos²θ − sin²θ)

Ó dúró níbi sin²θ. Mo ní kó rántí pé sin²θ jẹ́ 1 − cos²θ. Ó fi rọ́pò:

dA/dθ = 81(2cos²θ + cos θ − 1) = 81(2cos θ − 1)(cos θ + 1)

Èyí á jẹ́ òdo bí cos θ bá jẹ́ ½, ìyẹn igun 60°. Ti cos θ = −1, ńṣe ni ẹ̀gbẹ́ á ká padà bọ́ sórí ìdí, kò wúlò. Ní 60°, A jẹ́ 105.2 cm². Bí a bá mú ẹ̀gbẹ́ dúró ṣánṣán pẹ̀lú 27 yẹn, èyí tó dára jù ni ẹ̀gbẹ́ 6.75 àti ìdí 13.5, A á sì jẹ́ 91.1. Páànù kan náà, ṣùgbọ́n àyè omi rẹ̀ pọ̀ sí i nígbà tí a kàn ṣí ẹnu rẹ̀. Bí a bá fi 91.1 ṣe ìwọ̀n, ó fi bíi 15% pọ̀ sí i.

Ó wá yọ ohun ìwọ̀n igun nínú àpótí ohun èlò ìṣirò rẹ̀, ó gbé e ti igi bàbá. Ó kà á, ó tún un kà. 62°. Bàbá kò mọ cos, ọ̀gá wọn kò sì mọ cos, ṣùgbọ́n ọwọ́ àwọn àgbà tó ti ká páànù fún ìgbà pípẹ́ ti rìn dé ìwọ̀n kan tó fi 2° péré yàtọ̀ sí ìdáhùn. Ọmọ náà béèrè bóyá kí a gbẹ́ igi náà kó di 60. Mo ní kó ṣírò ohun tí a máa pàdánù. Ó fi 62° sí i, ó rí 105.1. Ó rẹ́rìn-ín sókè. Ó ní, “Orí òkè ni, Àǹtí. Ó tẹ́.”

A kò gbẹ́ igi bàbá.

Ìṣẹ́gun: gbígbé e kọ́

Èyí kò pẹ́. Ìlà mẹ́ta, a fi orí wọn gun ara wọn ní 10 cm, a fi ìṣó ríbẹ́ẹ̀tì dè é, a fi sílíkónì dí ojú rẹ̀. Kí omi lè ṣàn, apá ibi tí páìpù wà relẹ̀ ju apá kejì lọ ní 3 cm láàárín mítà 6. Ó kọ ọ́ sínú ìwé láìjẹ́ pé mo sọ fún un: dy/dx = −3/600 = −0.005, níbi gbogbo. Ó fi okùn àti omi inú ọ̀rọ́bà fúnfun wọ̀n ọ́n, bí àwọn bíríkìlà ṣe máa ń ṣe.

Ọjọ́rú. Mo da garawa omi sí i. Ó jò ní oríkèé kejì. Sílíkónì kò gbẹ dáadáa kí n tó fọwọ́ kàn án. A tú u, a nù ún gbẹ, a tún un dí, a fi sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Kò jò mọ́.

Òjò

Ó rọ̀ ní Àìkú, lẹ́yìn ìsìn. Òjò àkọ́kọ́ tó bọ́ sórí òrùlé ni a jẹ́ kó ṣàn dànù, nítorí eruku àti ìgbẹ́ ẹyẹ. Omi dúrọ́ọ̀mù yìí kì í ṣe fún mímu, aṣọ àti ilẹ̀ la fi ń fọ̀. Lẹ́yìn náà ni a yí páìpù sínú dúrọ́ọ̀mù, mo wo aago.

Ètò tí a ti ṣe sílẹ̀ ni pé ní gbogbo ìṣẹ́jú márùn-ún, ọmọ náà á gbé garawa tí a ti fàlà sí sábẹ́ páìpù fún ààbọ̀ ìṣẹ́jú, á ka iye tó wọ inú rẹ̀, á sọ ọ́ di ìlọ́po méjì, á sì da omi náà sínú dúrọ́ọ̀mù. Ohun tó kọ nìyí, lítà ní ìṣẹ́jú kan: ní ìbẹ̀rẹ̀, ó ń kán lásán, òdo; ní ìṣẹ́jú 5, ó jẹ́ 7; ní ìṣẹ́jú 10, ó jẹ́ 10.5; ní ìṣẹ́jú 15, ó jẹ́ 7.5; ní ìṣẹ́jú 20, ó ti dá. Ìwé rẹ̀ tutù, ọ̀kan nínú àwọn ìlà náà sì ti ń pòórá, ṣùgbọ́n ó ṣeé kà.

Dúrọ́ọ̀mù wa fẹ̀ ní 57 cm nínú, nítorí náà ojú omi rẹ̀ jẹ́ π × 28.5², bíi 2552 cm². Mo béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà tí òjò ń rọ̀ lọ́wọ́, ní ìṣẹ́jú kẹwàá, pé báwo ni omi ṣe ń yára gòkè nínú dúrọ́ọ̀mù. Ó ní láti pariwo kí n tó gbọ́. V ni omi inú dúrọ́ọ̀mù, h ni gíga rẹ̀, t ni ìṣẹ́jú: V = 2552h, nítorí náà dV/dt = 2552 × dh/dt. 10,500 ÷ 2552 jẹ́ 4.1. Sẹ̀ǹtímítà mẹ́rin ní ìṣẹ́jú kan. Ó ti ọ̀pá bọ̀ ọ́, ó dúró fún ìṣẹ́jú kan, ó tún tì í bọ̀ ọ́. Mẹ́rin.

Nígbà tí òjò dá, a wọlé lọ wá àpapọ̀ rẹ̀. Ọ̀nà àkọ́kọ́, ó fi ìlà tọ́ọ́rọ́ so àwọn ìwọ̀n náà pọ̀, ó ṣírò àyè tó wà lábẹ́ wọn: 5 × (7 + 10.5 + 7.5) = lítà 125. Ọ̀nà kejì, mo ní kó wá ìlà kan tó tẹ̀ bí ọrun, tó bẹ̀rẹ̀ lódo, tó parí lódo ní ìṣẹ́jú 20, tó sì ga tó 10 láàárín. Ó fi r ṣe lítà ní ìṣẹ́jú kan, ó kọ r = t(20 − t)/10. Ó yẹ̀ ẹ́ wò: ní ìṣẹ́jú 5, ó jẹ́ 7.5; ní ìṣẹ́jú 10, ó jẹ́ 10; ní ìṣẹ́jú 15, ó jẹ́ 7.5. Kò jìnnà. Àpapọ̀ rẹ̀:

∫ (2t − t²/10) dt = t² − t³/30, láti 0 dé 20
400 − 8000/30 = lítà 133.3

Àmì ∫ yẹn jẹ́ S tí a fà gùn. Leibniz, ará Jámánì, ló kọ́kọ́ lò ó ní 1675, ó mú un láti inú ọ̀rọ̀ Látìnì tó túmọ̀ sí àròpọ̀. Ó yẹ kí olùkọ́ máa sọ èyí fún ọmọ ní ọjọ́ àkọ́kọ́. Ọmọ tó bá mọ̀ pé “ẹ rò ó pọ̀” ni àmì náà ń wí kò ní wò ó bí ejò.

Ó wá lọ wo ọ̀pá. Omi ti gòkè ní 51 cm láti ibi tó wà tẹ́lẹ̀. 51 × 2552 jẹ́ 130,152 cm³, lítà 130. Ó wà láàárín ìdáhùn méjèèjì. Ó béèrè ìdí tí ìlà tọ́ọ́rọ́ fi dín. Mo ní kó yà á. Ó yà á, ó rí i pé òjò yẹn yọ ikùn sókè, ìlà tọ́ọ́rọ́ sì gé ikùn rẹ̀ kúrò. Màmá ní àwọn kò mọ̀ nípa ikùn òjò, ṣùgbọ́n abọ́ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ti padà sí ilé ìdáná.

Garawa

Ìyókù ìlà kẹrin ló mú ìbéèrè ìkẹyìn wá, ọmọ náà fúnra rẹ̀ ló sì gbé e kalẹ̀. Ó fẹ́ ṣe garawa onílítà 10 fún Màmá, aláìnídèérí, tí páànù rẹ̀ kò ní pọ̀. Gbólóhùn rẹ̀: “r ni ìdajì fífẹ̀, h ni gíga, S ni páànù tó máa lò. Omi inú rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ yí padà. Ìdí kan ló wà, kò sí ìdérí.”

πr²h = 10,000, nítorí náà h = 10,000/πr²
S = πr² + 20,000/r
dS/dr = 2πr − 20,000/r²
r³ = 10,000/π, r = 14.7 cm, h náà sì jẹ́ 14.7 cm
S = bíi 2040 cm²

N kò rí àṣìṣe kankan. Ó gbé e lọ bá bàbá ní Àbámẹ́ta tó tẹ̀ lé e. Bàbá fi ọwọ́ méjèèjì ya ìwọ̀n náà sínú afẹ́fẹ́, ó fẹ̀ ju 29 cm lọ, kò sì ga ju 15 cm lọ. Wọ́n ní, “Agbada rèé, ọmọ mi. Bí ìyá àgbà bá gbé e, á máa gbá wọn lẹ́sẹ̀, omi á sì dà tán kí wọ́n tó délé.”

Ọmọ náà kò jiyàn. Ó béèrè bí garawa ṣe lè fẹ̀ tó tí kò fi ní gbá èèyàn lẹ́sẹ̀. Bàbá ní 26. Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó fi gbólóhùn kan kún èyí tó ti kọ: “r kò gbọ́dọ̀ ju 13 lọ.” Ó wo dS/dr, ó rí i pé kò tó òdo ní gbogbo ibi tí r kò tíì dé 14.7, ìyẹn ni pé bí r ṣe ń pọ̀ sí i ni páànù ń dín kù, nítorí náà kó lọ dé 13 kó sì dúró. h di 18.8. S di 2069.

Ó fi 2040 yọ kúrò nínú rẹ̀, ó ku bíi 30 cm². Ó fi ṣọ́ọ̀kì ya 5 sí 6 sórí páànù kó lè rí bó ṣe tó, ó fi ìka mẹ́rin bò ó mọ́lẹ̀, ó sì na ìwé sí bàbá pé kí wọ́n gé e.